Sẹ́ẹ̀dì Kò Tíì Jí

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà ní láàárọ̀:
"Kí ni ọ̀rọ̀ ìwọlé?"
Lẹ́tà funfun nínú òkùnkùn,
ìlà kékeré kan ń ṣẹ́jú, ń ṣẹ́jú,
bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé o ò mọ̀ ọ́n.

Doroteja jókòó sídìí tábìlì ìdáná ní Kobarid.
Òjò dídì ti bo ilé oyin mẹ́rìnlá tó wà lẹ́yìnkùlé,
igi ń jó nínú sítóòfù, kọfí ti tutù.
Lébẹ́ẹ̀lì ìgò oyin wà lọ́wọ́ rẹ̀;
ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ludvik, bàbá rẹ̀,
fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ méjì sí kó tó kú:
*zadnja zima*.
Ìgbà òtútù tó gbẹ̀yìn, lédè tiwọn.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú ẹ̀rọ kò yí padà.
Kò sí ìràwọ̀, kò sí ẹ̀kán kan,
àfi bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sínú kànga tí kì í gbohùn padà.
Ó tẹ Ẹ́ńtà.
"Kò bá a mu. Tún un tẹ̀."

Ó tún un tẹ̀, ìka kan ṣoṣo,
bí ẹni ń ka owó ìkẹyìn fún agbowó-orí.
Ó wo iná lẹ́tà ńlá: kò tàn.
Ó yọ àlàfo àárín, ó dá a padà.
Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ tì í síta
sí ojúde dúdú kan tí kò ní ilẹ̀kùn,
èdè àwọn onímọ̀ nìkan ni wọ́n ń sọ níbẹ̀.
Ó pa á. Ó tan án.
Ìbéèrè kan náà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ dísíìkì ló ń dùn ún.
Lóṣù méjì tó kù kí Ludvik lọ,
ṣíbí ni ó ń pè ní kọ́kọ́rọ́,
orúkọ ìyá Doroteja ló fi ń pe Doroteja.
Ta ló wá lè fọwọ́ sọ̀yà
pé ohun tó kọ síbí ni ohun tó ní lọ́kàn?

Brina ọmọ aládùúgbò wá dá ṣọ́bìrì padà,
ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, òjò dídì lórí bàtà rẹ̀.
Ó wò ó, kò fọwọ́ kàn án.
"Ẹ ti ṣe àtúnṣe sí i láìpẹ́ yìí?"
"Láti ọjọ́ tí a gbé e lọ sọ́sibítù, ẹnikẹ́ni ò pa á.
Lánàá ló ní kí n jẹ́ kí òun tún ara òun ṣe. Mo ní ó dáa."
"Ó ti gbàgbé èdè wa nìyẹn.
Títí ilẹ̀kùn yóò fi ṣí, Amẹ́ríkà ló ń gbọ́.
Ẹ̀yin ń tẹ sẹ́ẹ̀dì. Wáì ló ń gbà."

Sẹ́ẹ̀dì! Wọn ò bí i sínú álífábẹ́ẹ̀tì tiwa,
ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún Yorùbá
ohun tí ohùn kan ṣoṣo lè bàjẹ́?
O ka igba, wọ́n gbé igbá fún ọ.
Ẹnu rẹ ò purọ́. Etí ló ṣì í gbọ́.

Ó tẹ *yadnja yima*,
ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni láyé.
Ẹ̀rọ dúró díẹ̀, ó mí kanlẹ̀,
ó ṣí.

Ìwé àkọsílẹ̀ oyin ló kọ́kọ́ yọjú, ọdún mọ́kànlélógún.
Ìlà tó gbẹ̀yìn:
"Ilé kẹsàn-án, ìyá oyin ṣì wà láàyè, mo gbọ́ kíkùn wọn.
Kí ẹnì kan máa gbọn òjò dídì kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn."

Brina ní òun á wá kọ́ ẹ̀rọ lédè padà ní Sátidé.
Doroteja kò dáhùn. Ó ti ń wá bàtà,
ó ti gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ọmọ náà.
Ilé kẹsàn-án ló kọ́kọ́ lọ.
Ó bọ́ fìlà, ó fi etí lé pákó.